Ọmọ Tó Pe Ulé

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa pa ìyá mi lẹ́nu mọ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà retí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́nu mi. Orúkọ mi ni Fọlákẹ́ Bánjọ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àrámọkọ, ilé bàbá mi sì wà ní Èrìò, níbi tí ìyá mi, Dorcas, ń gbé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ẹnu wa ní Èrìò kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ará Èkìtì. Ohun tí ìwé ń pè ní ilé, ulé ni à ń pè é. Iṣu wọn, uṣu ni tiwa. Iṣẹ́ wọn, uṣẹ́. Kì í ṣe pé ahọ́n wa kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a lẹ́nu àwọn tó bí wa.

Ẹ̀ẹ̀kìíní ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ ìkórè ni, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ó sì ti ka ìwé mẹ́fà yanjú, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọbìnrin àgbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní kó wá ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà níwájú ìjọ. Ó rán aṣọ tuntun, ó ń kà á lákàtúnkà nínú oko títí ó fi mọ ọ́n sórí. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ilé Olúwa sí, ahọ́n rẹ̀ pè é bó ṣe máa ń pè é: ulé Olúwa. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti Ìbàdàn wá kí àwọn òbí rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ràn, kódà ẹni tó ń darí ìsìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wọ̀nyẹn, ulé ni àwọn náà máa padà sí tí ìsìn bá parí. Ìyá mi ka ẹ̀kọ́ náà dé òpin, ó lọ jókòó, kò sì ka ohunkóhun sókè níwájú èèyàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń kàwé o. Á gbé e sójú, ètè rẹ̀ á máa mì, ohùn kò ní jáde.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó máa ń sọ sókè fún àwa ọmọ rẹ̀, nínú yàrá, tí a bá ti jẹun tán. Nígbà ogun, ó ní, àwọn ará ìlú sá wọ inú ihò àpáta kan lórí òkè, wọ́n fi ìtì igi ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu rẹ̀. Àwọn ọ̀tá gbọ́n. Tí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ṣìnà, kí wọ́n lè ráyè wọlé. Ni àwọn àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ihò náà bá dá ọgbọ́n kan. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á bi í pé níbo ló ń lọ. Tó bá ní ulé ni, ọmọ wa ni, wọ́n á ṣí i fún un. Tó bá ní ilé ni, ọfà ni wọ́n fi máa dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé. Ó fi ohùn ẹkún bẹ̀ wọ́n, ó dárúkọ ọba, ó dárúkọ odò, ó kí wọn bó ti yẹ kí ọmọ ìlú kí àgbà. Wọ́n bi í níbo ló ń lọ, ó ní ilé ni. Wọn kò ṣí. Kò pẹ́ sí i ni ọmọdébìnrin kan dé, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ará Ùsì, ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ náà kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ti gbá gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni ulé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Tí a bá bi ìyá mi pé kí lorúkọ ọmọ náà, á ní ọmọ tó pe ulé lorúkọ rẹ̀, kí a lọ sùn.

Ìtàn yìí ni mo kọ. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó wà ní Ṣakí àti ẹni tó wà ní Ìkòròdú lè kà á láìsí wàhálà. Ibi tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ti la ẹnu nìkan ni mo ti jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí àwọn ṣe ń sọ ọ́. Mo fi í ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Ẹnu Kan, àwọn tó ń kó ìtàn jọ lọ́dọ̀ àwa tí à ń kọ Yorùbá ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, kí àwọn ọmọ tó wà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún ẹnubodè lè ka ìwé kan náà. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní Ìkógòsì ni àwọn máa ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà, ibi tí kò ju ìrìn kékeré lọ sí ilé wa. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ṣé ulé wà nínú ùwé náà?”

Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á wá gbọ́ ọ. Ó yọ gèlè rẹ̀ tó dára jù jáde nínú àpótí, ó sá a sóòrùn. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tí yóò tún gíláàsì ìkàwé òun ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kan ti já.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé àwọn ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí a fi ojú wa rí i. Inú yàrá àwọn olùkọ́ ni mo wà. Mo wá ojú ewé tèmi, mo kà á, n kò rí ulé kan ṣoṣo. Mo rò pé ojú mi ni. Mo lọ sí ẹnu ihò àpáta tààrà. Wọ́n bi ọkùnrin náà pé níbo ló ń lọ, ó ní ilé ni, wọn kò ṣí. Wọ́n bi ọmọ náà pé níbo ló ń lọ, ó ní ilé ni, wọ́n ṣí. Ọ̀tá pe ilé, ọmọ ìlú pe ilé, àwọn àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá dà bí ẹni tó mutí yó. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tún padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo pe olóòtú ìwé náà, Dókítà Dàpọ̀ Àkànó. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọlọ́pọlọ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sì ti lo ara rẹ̀ fún èdè yìí ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì dúró lápá kan, Faransé dúró lápá kejì, wọ́n pa Yorùbá sí méjì bí ẹni pa obì, tí a kò bá sì fẹ́ kí ẹnubodè náà jẹ wá run, ẹnu kan la gbọ́dọ̀ máa fi kọ̀wé. Ó ní ọmọ Kétu tó bá ṣí ìwé tó rí ulé á rò pé èdè mìíràn ni. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ dọwọ́ lé tèmi, kọ̀ǹpútà ni àwọn pàṣẹ fún pé ọ̀rọ̀ yòówù tó bá fi lẹ́tà u bẹ̀rẹ̀, kó sọ u náà di i, nítorí Yorùbá tí gbogbo ayé ń kọ kò ní ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀. Ó wá fi àwàdà kún un pé ilé làbọ̀ sinmi oko, bí mo pè é ní ilé, bí mo pè é ní ulé, òrùlé kan náà ló bo gbogbo wa.

Mo ní òrùlé lè jẹ́ ọ̀kan, ilẹ̀kùn ni kì í ṣe ọ̀kan. Mo bi í bóyá ó ti ka ìtàn náà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tún un ṣe. Ó ní òun ti kà á tẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti sọ Ùsì di Ìsì. Ìlú tó ní ọba, tó ní ọjà, tó ní pátákó orúkọ lójú títì, wọ́n tún un bí láìpe bàbá rẹ̀ sí i. Òkò tí a bá jù sínú ọjà, ará ilé ẹni ló ń bà. Mo ní kó dìde báyìí kó lọ sọ fún àwọn ará Ùsì pé wọ́n ti di ará Ìsì, kó wá padà wá sọ ohun tí wọ́n fi ta á fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á tún ìyẹn ṣe. Mo ní kí wọ́n tún ìyókù ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ìwé ti jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní tí n kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àwọn lè yọ ìtàn mi kúrò nígbà tí àwọn bá tún ìwé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n kí n rántí pé èmi nìkan ni ará Èkìtì tó wà nínú rẹ̀. Tí mo bá jáde, kò sí ẹnu Èkìtì kankan nínú ìwé tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Mo bi í pé ẹnu Èkìtì wo ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ó ní kí a rí ara wa ní Ìkógòsì, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Inú bí mi débi pé mo ń dá nìkan sọ̀rọ̀ títí mo fi délé. Mo rántí ìwàásù kan tí wọ́n máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nípa àwọn tí wọ́n pa létí odò Jọ́dánì nítorí pé ahọ́n wọn kò lè pe ṣ. Mo ní ará Ìbàdàn ló wá ń tún ahọ́n èmi ṣe! Ká ní àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́ kọjá níbi odò náà, ta ni ì bá kù? Ẹni tó ń pe iṣu ní isu ló ń sọ fún ẹni tó ń pè é ní uṣu pé kò gbọ́ Yorùbá. N kò sọ ọ́ sétí Dókítà Àkànó, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún gbogbo igi tó wà lójú ọ̀nà Èrìò.

N kò lè sọ fún ìyá mi. Mo débẹ̀, mo bá a tó ń lọ gèlè rẹ̀, mo ní gíláàsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, mo sì jókòó tì í. Bí mo bá yọ ìtàn náà kúrò, mo ti purọ́ fún un pé ulé wà nínú ìwé. Bí mo bá fi í sílẹ̀, yóò jókòó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó bí pé àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìkórè yẹn ló tọ̀nà. Kò sí ohun tó tún dùn mí tó èyí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a dé Ìkógòsì. Aṣọ ńlá kan ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìgbafẹ́ náà, wọ́n fi ń kí àwọn òǹkọ̀wé èdè Áfíríkà káàbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, Faransé tẹ̀ lé e. Yorùbá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò ní àmì ohùn kan lórí. Ìyá mi kà á sínú, ètè rẹ̀ mì, ó sì bi mí bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń sáré ni.

Mo mú un jókòó sí ìdí tábìlì oúnjẹ, mo lọ gba atẹ́gùn níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, ó ki ẹsẹ̀ kejì bọ èkejì. A kí ara wa. Orin tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tó kọjá mi. Jacob Adéṣínà ni, olùkọ́ ni lóun náà, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ tí wọ́n ní yóò máa túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé kò tíì dé, láti àárọ̀ ni òun sì ti ń jókòó wo ẹnu àwọn èèyàn níbi ìpàdé tí a pè nítorí Yorùbá.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un nítorí pé ó kún mi lọ́rùn. Kò jẹ́ kí n parí. Ó ní wọ́n ti ṣe tòun náà. Òun kọ ìtàn ọmọ tí wọ́n lù ní lékọ́ọ̀lù nítorí pé ó sọ Yorùbá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pe ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹnu àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á. Dókítà Àkànó pa lékọ́ọ̀lù rẹ́, ó kọ súkúrù dípò rẹ̀. Jacob ní kí n wò ó, bí ẹni pé súkúrù já bọ́ láti ọ̀run, bí ẹni pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní níbi iṣẹ́ ìjọba wọ́n fi c àti h kọ Adéṣínà rẹ̀, nínú ìwé yìí wọ́n fi ṣ kọ ọ́, nínú ìwé tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ, sh ló wà níbẹ̀. Kò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sí ẹni tó bi í.

Mo sọ èrò mi fún un. Mo ní tí wọ́n bá pè mí kí n kà, ojú mi á máa wo ilé lórí ìwé, ẹnu mi á máa pe ulé. Ìyá mi á gbọ́ ulé rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, a ó sì lọ sílé. Jacob yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nínú omi.

“Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Tí ẹ bá fi ẹnu tún un ṣe, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún yín, wọ́n á lọ. Ìwé tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tèmi ní Kétu, ilé ni wọ́n á bá nínú rẹ̀. Ẹ kà á bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí ihò tí wọ́n dá sínú rẹ̀.”

Mo ní ìyá mi ńkọ́. Ó ní òun kò mọ ìyá mi. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó sọ irú ìtàn yẹn fún ọmọ rẹ̀, òun kò rò pé ẹ̀rù ń bà á tó bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú díẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

Nínú gbọ̀ngàn, Kẹ́misọ́lá, obìnrin tó ń darí ètò, ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wa bí èdè abínibí ti ṣe pàtàkì tó. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì náà dáadáa. Ìyá mi jókòó ní ìlà iwájú, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, gíláàsì rẹ̀ wà lójú, Jacob sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyá Èrìò àti ọmọ Kétu, láìsí ògbufọ̀. Wọ́n fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní ìwé náà kọ̀ọ̀kan. Dókítà Àkànó wà lórí pèpéle, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi. Ó rò pé a ti parí rẹ̀.

Mo ṣí ìwé. Mo ka ogun, mo ka òkè, mo ka ihò àpáta. Mo ń kà á lọ. Mo dé ibi ọkùnrin náà. Wọ́n bi í níbo ló ń lọ, ó ní ilé ni, wọn kò ṣí fún un. Mo dé ibi ọmọ náà, n kò wo ìlà iwájú. Wọ́n bi í níbo ló ń lọ, ó ní ilé ni, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un. Mo dúró.

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ṣí fún èkejì tí wọn kò ṣí fún èkíní, nígbà tí ohun kan náà ni wọ́n sọ. Mo ní èmi náà kò mọ̀, bí ó ṣe wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe wà nínú tèmi, kó bi àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín sọ níbìkan. Ẹ̀rín náà ni mo bẹ̀rù jù. Mo wá wo ìyá mi, mo sì rí i pé ó ti ń dìde. Ó fi ọwọ́ kan mú ẹ̀yìn àga, Jacob fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kó fi òun sílẹ̀.

“Fọlákẹ́, o ṣì í pè,” ni ìyá mi wí. “Ulé ni ọmọ náà wí.”

Mo ní, “Màámi, ilé ni wọ́n kọ síbí.”

“Ẹni tó kọ ọ́ ti pa ọmọ náà.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ. “Yèyé yèyé mi ni ọmọ náà. Ọwọ́ òun ló tọ́ mi. Bí ọ́ bá ṣe ilé ni ọmọ náà wí, wọ́n kì bá tí ṣí ùlẹ̀kùn fún un. Èmi kì bá tí sí. Ùwọ náà kì bá tí sí, kí o tó wá máa kọ ùwé.”

Ó yí ojú sí pèpéle. “Mo ti gbọ́ ẹ̀rín lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, mo sì dákẹ́. Mọ gba ìyẹn. Ti ọmọ ẹnu ọ̀nà yìí, mọ kọ̀ ọ́.”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti mọ ìtàn yìí, n kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mo ti jáde. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, omi ń bọ́ lójú mi sórí ìwé náà, n kò sì nù ún. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Dókítà Àkànó ti ṣí ìwé tiẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń kà á, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lórí ìlà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa kà á láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì fi hàn nígbà tó dé ẹnu ihò. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kó máa bínú. Ó ní òun ṣì gbà pé àwọn ọmọ nílò Yorùbá kan tí gbogbo wọn lè jọ kà, òun kò ní purọ́ pé òun ti yí ìyẹn padà. Ìyá mi ní ta ló bá a jà lórí ìyẹn. Ó ní àbí ọmọ òun kò fi Yorùbá gbogbo ayé ròyìn ìtàn náà ni? Ẹnu ọmọ tó kan ilẹ̀kùn nìkan ni òun ní kó fi sílẹ̀.

Dókítà náà ní nígbà tí àwọn bá tún un tẹ̀, àwọn á dá a padà. Ibẹ̀ ni èmi náà ti rí ohùn mi. Mo ní rárá. Mo ní èyí tó wà nílẹ̀ yìí ló ń lọ sí Kétu àti sí Àtàkpàmé ní Tógò, òun sì ni wọ́n máa kà. Mo fa bírò yọ, mo fi ìlà pa i inú ilé tí ọmọ náà wí rẹ́ lójú ewé tèmi, mo kọ u lé e lórí, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní bírò ṣe bẹ́ẹ̀ sí tọwọ́ rẹ̀. Kẹ́misọ́lá dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá pe nọ́ńbà ojú ewé fún àwọn tó wà lẹ́yìn, ohùn Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì ló sì jáde, a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ará Ẹ̀fọ̀n ni. Jacob ti kúrò ní ojú ewé tèmi, ó ń pa súkúrù rẹ́ níbi tirẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń ro oko. Wọ́n gbé ìwé tó kù nínú páálí wá. Dókítà Àkànó kó tirẹ̀ lé orí itan, ó ń tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá Ùsì padà fún àwọn ará Ùsì láìjẹ́ pé mo rán an létí.

Ìyá mi ní kí n fún òun ní bírò. Kò kọ nǹkan fún ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti le. Ó tẹ ìwé náà lé orí àga, ó fi ìlà pa i rẹ́, ó sì kọ u kan tó fẹ̀ débi pé ó bo ọ̀rọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé sókè, ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ti ń mì. Mo rò pé inú ló ń kà á sí, bó ṣe máa ń ṣe.

Ohùn jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ogun, kò sáré, ohùn tó fi ń sọ ọ́ fún wa ní yàrá ló fi kà á. Àwọn tó ń kọ̀wé dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti bi ọmọ náà léèrè, ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wo gbọ̀ngàn náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín.

“Ulé,” ni ó wí, ó sì kà á lọ dé òpin.